Ipò wo ni kí n gbé Ògúndé sí?

Nígbà ọdún Kérésì tó kọjá, àwọn àbúrò mi gbé ọ̀rọ̀ kan kalẹ̀ lórí WhatsApp ẹbí wa. Wọ́n ní kí oníkálukú kọ fíìmù Yorùbá mẹ́wàá tó dára jù lọ lójú ẹ̀, láti orí ìkíní dé orí ìkẹwàá, ká sì wá ro gbogbo ẹ̀ pọ̀ ká lè mọ èyí tó borí. Aníkúlápó wà níbẹ̀. Jagun Jagun wà níbẹ̀. Lísàbí wà níbẹ̀. Ẹnì kan tó dàgbà díẹ̀ láàárín wọn fi Ṣaworoidẹ sí i, làwọn tó kù bá fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àgbà ti dé. Ọdún 1999 ni Ṣaworoidẹ jáde, òun ló sì pẹ́ jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ. Bíi pé kí ọdún yẹn tó dé, ṣe ni Yorùbá kàn jókòó sílé tí wọ́n ń wo ara wọn lójú.

Mo bi wọ́n pé Ògúndé ńkọ́? Àbíkẹ́yìn wa béèrè bóyá akọrin ni.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó yá, mo rò ó wò pé níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1990 ni ọkùnrin náà kú, wọn ò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí téèyàn lè rí nínú fíìmù ẹ̀ lórí YouTube, bí ẹni tó fi aṣọ bojú wò ó ni àwòrán ẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹ gbà mí láàyè lọ́sẹ̀ yìí kí n sọ ẹni tó jẹ́. Lẹ́yìn náà n ó sọ ipò tí mo fún un, àti ìdí tí mi ò fi lè fún un ní ipò kìíní. Ọ̀rọ̀ ìyá mi àgbà wà nínú ẹ̀.

Ọ̀sọ̀sà, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti bí Hubert Ògúndé, lọ́dún 1916. Bàbá ẹ̀ ń wàásù nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi. Bàbá tó bí ìyá ẹ̀, Ifá lòun ń bọ ní tiẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí nígbà tó dàgbà tán, ohun tó rí nílé méjèèjì ló kó wọ orí ìtàgé. Ó kọ́kọ́ ṣe tíṣà, lẹ́yìn náà ló wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní 1941. Ọlọ́pàá! Ẹ fojú inú wo Ògúndé nínú ṣòkòtò péńpé àwọn ọlọ́pàá ayé òyìnbó.

Ọdún 1944 ni nǹkan yí padà. Ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta ń wá owó ilé ìjọsìn, wọ́n ní kó bá àwọn ṣe eré. Ó ṣe é lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run, wọ́n sì gbé e síta ní gbọ̀ngàn Glover l'Ékòó ní oṣù kẹfà ọdún náà. Kì í ṣe òun ló bẹ̀rẹ̀ eré inú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ti ń ṣe é ṣáájú ẹ̀. Ṣùgbọ́n tàwọn yẹn, ojú kan ni wọ́n máa ń dúró sí bí ẹgbẹ́ akọrin, tí wọ́n á máa kọ ọ́ lórin lọ. Tiẹ̀ ní ijó nínú, ó ní ìlù, àwọn èèyàn inú ẹ̀ sì ń rìn, wọ́n ń ṣe. Èrò ya bò ó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi kọ̀wé fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ tíátà tí yóò máa fi jẹun sílẹ̀.

Ẹ má fojú kéré ìpinnu yẹn o. Lónìí, tí ọmọ bá ní tíátà lòun fẹ́ ṣe, òbí ẹ̀ lè lejú díẹ̀, kó tún wá bá a wá owó tó máa fi ra kámẹ́rà. Nígbà náà, alágbe ni wọ́n ń pe òṣèré. Àwọn obìnrin gan-an ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ògúndé polówó nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin tí yóò máa ṣeré, wọn ò yọjú. Ló bá tún un polówó, ó ní akọ̀wé obìnrin lòun ń wá. Wọ́n wá. Ìgbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló tó ṣàlàyé irú iṣẹ́ tó jẹ́ fún wọn. Kí wọ́n má baà tún dìde lọ lẹ́yìn tó ti kọ́ wọn níṣẹ́ tán, ó fẹ́ nínú wọn. Ìyàwó ẹ̀ lé ní mẹ́wàá nígbẹ̀yìn. Àwọn ni wọ́n ń jó, àwọn ni wọ́n ń kọrin, àwọn náà ni wọ́n tún ń bójú tó owó ẹnu ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé àwọn obìnrin tó ń ka èyí máa fẹ́ bá mi jà tí mo bá pe ìyẹn lọ́gbọ́n. Mi ò sọ pé ó dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé èjìká àwọn obìnrin yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, tí wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ wọn tí wọ́n bá ń ki Ògúndé. Clementina, tí wọ́n tún ń pè ní Adéṣẹ̀wà, bá a dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1947 nígbà tí wọ́n lọ kọ́ ijó òyìnbó. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa obìnrin náà ní 1970, lójú ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń lọ ṣeré. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àwọn kọ́nà òkè Ọ̀kà wa, ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Inú mọ́tò lẹgbẹ́ tíátà ń gbé nígbà yẹn, láti ìlú dé ìlú, lóru lọ́sàn-án.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn Ògúndé gan-an ni pé kì í bẹ̀rù ẹni tó bá wà lórí àga. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà ní 1945, ó gbé eré kan jáde lórí ẹ̀ tó pè ní Strike and Hunger. Nígbà tó gbé e dé Jọ́ọ̀sì lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn aláṣẹ òyìnbó ní kò gbọdọ̀ ṣe é níbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1949, ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà mọ́kànlélógún ní Iva Valley ní Ẹnúgu. Ní 1950, Ògúndé ti ń fi Bread and Bullet sọ ọ́ káàkiri. Àwọn tó kú náà kì í ṣe Yorùbá o. Kò wo ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni Yorùbá Ronú dé, ní 1964. Ìjà ti dé inú ẹgbẹ́ òṣèlú ìwọ̀-oòrùn nígbà yẹn, Awólọ́wọ̀ wà lẹ́wọ̀n, Akíntọ́lá ló wà lórí àga. Ògúndé gbé ìtàn ọba kan tí wọ́n dalẹ̀ ẹ̀ sórí ìtàgé, kò sì sẹ́ni tó jókòó níbẹ̀ tí kò mọ ẹni tó ń bá wí. Ìjọba Akíntọ́lá fòfin dè é, wọ́n ní ẹgbẹ́ ẹ̀ ò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ níbikíbi ní agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn. Ó tún lọ gbé òmíràn jáde, ó pè é ní Òtítọ́ Korò. Ìgbà táwọn ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó gbé òfin náà kúrò lórí ẹ̀.

Ẹ̀yin ará Àkókó, ẹ wo bó ṣe kàn wá. Ní 1964, Ìkàrẹ́, Ọ̀kà, Òkè-Àgbè, gbogbo wa pátá la wà lábẹ́ agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn. Tó o bá gba ọ̀nà Ìbìllò jáde, o ti bọ́ sí Mid-West. Tó o bá gba ọ̀nà Kábbà, o ti wọ ilẹ̀ Àríwá. Òfin Akíntọ́lá ò dé ibẹ̀. Ìyẹn ni pé ará Ìkàrẹ́ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti rí Ògúndé nílé ara ẹ̀, bẹ́ẹ̀ mọ́tò ò ní rìn jìnnà kó tó dé ibi tí eré kan náà kì í ti í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọdún méjì ni fún ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń ra oúnjẹ. Ìgbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ní eré lásán ni fíìmù, ìyẹn ni mo máa ń rántí.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé orí fíìmù.

Ní 1976, Ọlá Balógun darí Àjàní Ògún, fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní èdè Yorùbá. Adé Love ló kó ipa Àjàní. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn Aníkúlápó, Kúnlé Afọláyan tó ṣe é, ọmọ bíbí Adé Love ni. Ẹ ṣáà rí i, ilé kan náà ni. Ògúndé wo bí èrò ṣe ń ya lọ sí sinimá, ó rí i pé ibẹ̀ layé ń lọ. Ọkùnrin náà ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún kíkún. Ó ní orúkọ, ó ní owó díẹ̀, ó ti ṣojú Nàìjíríà pẹ̀lú ijó níbi àfihàn ńlá Montreal ní Kánádà ní 1967. Ẹlòmíràn á ti gbé àga síta, á máa gba atẹ́gùn. Òun lọ kọ́ iṣẹ́ mìíràn. Aiyé jáde ní 1979, Ọlá Balógun náà ló darí ẹ̀. Jáiyésinmi tẹ̀lé e ní 1980, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, Àyànmọ́ sì ni ìgbẹ̀yìn, ní 1988.

Bàbá mi wo Aiyé nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìkàrẹ́ nígbà tí wọ́n gbé e dé. Láti Òkè-Àgbè ni wọ́n ti wọkọ̀ lọ, wọ́n sì dé nírọ̀lẹ́ bá èrò tó ti kún títí dé títì. Aṣọ funfun ni wọ́n ta sára ògiri, jẹnẹrétọ̀ ń hó níta, ìró ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán jáde sì dà pọ̀ mọ́ ohùn àwọn òṣèré. Nígbà tí àwọn àjẹ́ inú fíìmù náà di ẹyẹ, bàbá mi ní àwọn kan dìde, wọ́n ń wá ọ̀nà àbáyọ. Nígbà tí Oṣètúrá, ìyẹn Ògúndé fúnra ẹ̀, yọ pẹ̀lú ọ̀pá ẹ̀ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọfọ̀, gbogbo ilé bá a gbè é. Kì í ṣe wíwò ni wọ́n ń wò ó, wọ́n ń bá a jagun ni. Ìgbà tí wọ́n ń padà lọ lóru, kò sẹ́ni tó fẹ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe iná àti ìjì nínú Jagun Jagun lè fi Aiyé rẹ́rìn-ín. Àwọn àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Mo ní kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò pé kò sí kọ̀ǹpútà níbẹ̀, àti pé òkè òkun ni wọ́n ń gbé fíìmù lọ fọ̀ kó tó di ohun tó ṣeé wò. Owó òyìnbó ni wọ́n fi ń san gbogbo ẹ̀. Ìyẹn náà ló pa iṣẹ́ ọ̀hún. Nígbà tí ìjọba já iye náírà lulẹ̀ ní 1986, ẹni tó ń fi náírà ra tíkẹ́ẹ̀tì ò lè san gbèsè pọ́n-ùn mọ́. Àwọn olè kásẹ́ẹ̀tì tún wà níbẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ ohun tí wọ́n fi ojú Bàbá Sàlá rí nígbà tí wọ́n jí Ọ̀run Móoru kọ sórí fídíò. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní fíìmù ńlá á gbé e mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ tuntun, òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé e káàkiri, òun ló ń tò ó pa dà sínú páálí. Ohun tí wọ́n pa mọ́ kúrò lọ́wọ́ olè, a wá pa á mọ́ kúrò lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa náà.

Ó yẹ kí n ti parí ẹ̀ síbí, kí n fún Aiyé ní ipò kìíní, ká sì lọ jẹun. Mi ò lè ṣe é.

Ará Ọ̀kà ni ìyá tó bí ìyá mi. Gàrí ló ń yan tà. Èéfín ti sọ ojú ẹ̀ di pupa, ẹ̀yìn ẹ̀ ti tẹ̀, ọkọ ẹ̀ ti kú, ó sì máa ń dá sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń ro gàrí nínú agbada. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọmọ kan kú ní àdúgbò. Ibà ló pa á, wọn ò tètè gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ṣùgbọ́n ojú pupa ni wọ́n rí. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ayé. Tó bá ń kọjá, wọ́n á na apá méjèèjì bí ìyẹ́ apá, wọ́n á máa fò yí ara wọn ká, bí àwọn òbí wọn ṣe sọ fún wọn pé àwọn àjẹ́ inú Aiyé ń ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò rí fíìmù náà rí. Àwọn tó ń ra gàrí lọ́wọ́ ẹ̀ dín kù. Nígbà tó di ọjọ́ kan, ìyá mi lọ kó o wá sọ́dọ̀ wa ní Ìkàrẹ́, kò sì padà sílé ara ẹ̀ mọ́ títí tó fi kú.

Mi ò sọ pé Ògúndé ló ṣe é o. Ìbẹ̀rù àjẹ́ ti wà nílẹ̀ yìí kí wọ́n tó bí bàbá ẹ̀. Àwọn aládùúgbò yẹn ló ṣe ohun tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù yẹn ò ní ojú tẹ́lẹ̀, olúkúlùkù ń rò ó sọ́kàn bó ṣe wù ú ni. Sinimá fún un ní ojú, ojú tí gbogbo ìlú jọ rí lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ojú yẹn sì jọ ti arúgbó tó ń yan gàrí.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu jù ni pé ìyá yẹn fúnra ẹ̀ ti wo Aiyé, ó sì fẹ́ràn ẹ̀ dọ́ba! Òun ló máa ń sọ fún wa lálẹ́ bí Oṣètúrá ṣe ṣẹ́gun. Tó bá dé ibi ìjà, á dìde, á mú ọ̀pá ẹ̀, á fi ṣe ti Ògúndé. Kò fìgbà kan so ohun tí ojú ẹ̀ rí mọ́ fíìmù yẹn. Èmi ni mo so ó pọ̀, lẹ́yìn tá a ti sin ín tán, nígbà tí mo tún Aiyé wò tí mi ò sì lè gbójú kúrò lára àwọn obìnrin náà.

Ẹjọ́ tí mo bá Ògúndé ní rèé. Ọkùnrin tó dojú kọ òyìnbó ní 1945, tó dojú kọ Akíntọ́lá ní 1964 nígbà tó mọ̀ pé oúnjẹ ilé òun lè lọ sí i, nígbà tó wá rí aṣọ funfun tó tóbi jù lọ níwájú ẹ̀, tó sì rí èrò tó pọ̀ jù lọ, ta ló nàka sí? Àwọn obìnrin inú igbó. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé àjẹ́ inú Aiyé, òwe ni, pé àwọn aṣebi orílẹ̀-èdè ló ń bá wí. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ní Yorùbá Ronú, ẹni tí wọ́n bá wí mọ̀ pé òun ni. Ní Aiyé, àwọn aṣebi orílẹ̀-èdè jókòó síwájú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa nìyí. Mo fi Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání ṣe ìkíní, torí ó gba ibi tí Yorùbá Ronú gbà: ọba àti àwọn tó ń bá a jẹ owó ìlú ló nàka sí. Mo fi Ti Olúwa Nilẹ̀ ṣe ìkejì. Mo fi Aiyé ṣe ìkẹta. Ẹni tó bá ní mo fún un ní ipò tó ga jù lẹ́yìn gbogbo àròyé yìí, kó wá ẹlòmíràn tó jẹ́ pé ẹni ọgọ́ta ọdún ló lọ kọ́ iṣẹ́ tuntun, tó sì ṣe é tí odindi gbọ̀ngàn kan dìde dúró. Àjàní Ògún tẹ̀lé e. Aníkúlápó wà ní ipò karùn-ún. Ó rẹwà lójú gan-an, àmọ́ àárín ẹ̀ gùn ju bó ṣe yẹ lọ, èmi sì máa ń sùn lọ níbẹ̀. Jáiyésinmi gba ìkẹfà. Jagun Jagun wà ní ìkẹjọ, ẹ máa bínú lọ. Àyànmọ́, mi ò rí i wò parí rí, mi ò sì ní fi ẹnu lásán fún un ní ipò.

Àwọn àbúrò mi ní mi ò ní ojúsàájú tó dáa, pé gbogbo ohun tí mo kọ ló ti gbó.

Kí Ògúndé tó kú, ìjọba àpapọ̀ ti ní kó kó ẹgbẹ́ òṣèré orílẹ̀-èdè jọ, ó sì ń ṣe é láti 1986. Fíìmù tó ṣe kẹ́yìn, ti àwọn ará òkèèrè ni: Mister Johnson, tí Bruce Beresford wá ṣe ní Nàìjíríà. Pierce Brosnan tí ẹ mọ̀ sí James Bond wà nínú ẹ̀. Ògúndé ṣe Brimah, bàbá ìyàwó Johnson. Ìgbà tí fíìmù náà fi máa délé sinimá, ó ti kú sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ti gbé e wálé.

Lánàá, àbíkẹ́yìn wa tó béèrè bóyá akọrin ni tẹ̀ mí láago. Ó ní òun ti wo Aiyé lórí fóònù, òun sì fẹ́ mọ ibi tóun ti lè rí Jáiyésinmi. Mo fi èyí tó wà lọ́wọ́ mi ránṣẹ́ sí i. Mo ti kìlọ̀ fún un pé àwòrán ẹ̀ ò mọ́, pé ibì kan wà láàárín ẹ̀ tó ṣókùnkùn pátápátá fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan. Ṣùgbọ́n ohùn ń jáde níbẹ̀.